The Valley: Pápá Bọ́ọ̀lù Tí Àwọn Òǹwòran Fi Ìbò Gbà Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ àwọn ará Charlton lára ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ní ọdún méje tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn fi gbé ilé onílé, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ẹlòmíràn, tí igbó sì ń hù lórí tiwọn. Nígbà tí wọ́n máa padà sílé, kì í ṣe ọba ló mú wọn padà, kì í sì í ṣe olówó kan ṣoṣo ló dá a ṣe. Ọwọ́ ara wọn, owó àpò wọn àti ìwé ìbò wọn ni wọ́n fi jà á gbà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

INÚ KÒTÒ NI PÁPÁ NÁÀ WÀ

Ẹni tó bá fẹ́ dé pápá The Valley, rélùwéè ni kó wọ̀ ní téṣàn London Bridge, kó kọrí sí apá ìlà-oòrùn, kó má sọdá odò Thames rárá. Kò ní í tó ìdajì wákàtí tí yóò fi sọ̀ ní téṣàn Charlton. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ tó o. Òpópó Floyd Road ni yóò gbà, láàárín àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, yóò ti dé iwájú pápá.

Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni Charlton láti ìbẹ̀rẹ̀. Woolwich wà nítòsí ibẹ̀, Plumstead àti Thamesmead náà ò jìnnà. Ọmọ Yorùbá sì pọ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Ẹni tó bá ń rajà kiri ní Woolwich, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ "Ẹ káàsán o, mà" létí rẹ̀.

Àfonífojì ni ìtumọ̀ orúkọ pápá náà, The Valley. Wọn ò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kòtò ni ibẹ̀ láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn àti ẹfun. Nígbà tí wọ́n wa ohun tí wọ́n ń wà tán, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní olónìí, àwọn ilé tó wà lórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ń wo pápá nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo inú àwo ọbẹ̀.

ẸJA LÓ SỌ WỌ́N LÓRÚKỌ

Àwọn ọmọkùnrin kan tí wọn ò tíì pé ọmọ ogún ọdún ló dá ẹgbẹ́ Charlton Athletic sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, ọdún 1905, ní òpópó kan létí odò Thames. Wọn ò lówó, wọn ò ní pápá. Àmọ́ bàbá ẹlẹ́ja kan wà ládùúgbò wọn, Arthur Bryan ni wọ́n ń pè é. Bàbá yìí fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ẹja tí wọ́n ń pè ní haddock ló fi ń ṣe wọ́n lálejò.

Ẹ sì mọ̀ pé lẹ́tà H kì í rọrùn lẹ́nu àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, bí kì í ṣe é rọrùn lẹ́nu àwọn kan nínú àwa náà. Bí "haddock" ṣe di "addick" nìyẹn. Látorí ẹja bàbá ẹlẹ́ja ni inagijẹ ẹgbẹ́ Charlton ti wá, The Addicks, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ títí di òní. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ gbọ́ o! Ẹja tí ẹ fi ta èèyàn lọ́rẹ lónìí, ó lè di orúkọ tí ayé ń pè lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹgbẹ́ mìíràn ti wà lágbègbè yẹn ṣáájú wọn. Èwo ni? Arsenal ni! Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń pariwo Arsenal ni ò mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà ní Woolwich ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1886. Plumstead, tí kò jìnnà sí Charlton rárá, ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó di ọdún 1913, Arsenal di ẹrù wọn, wọ́n sọdá odò, wọ́n lọ sí Highbury ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò padà wá mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí Arsenal ṣe ni àwọn ará Charlton kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe.

Ọdún 1919 ni Charlton rí kòtò yìí. Ta ló wá tún un ṣe? Àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn ni. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n mú kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n tẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò, wọ́n sì kó erùpẹ̀ jọ yí i ká di òkè tí àwọn òǹwòran lè dúró sí. Kò sí àga, kò sí òrùlé. Ojú òkè yẹn lèèyàn ń dúró sí tí òjò fi ń pa á, tí oòrùn fi ń pa á.

Ní ọdún 1923, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ rò pé èrò máa pọ̀ sí i bí wọ́n bá lọ sí Catford, wọ́n bá kó lọ síbẹ̀. Háà! Òfo ló já sí. Èrò ò wá. Kí sáà kan tó parí, wọ́n ti káńgárá wọn padà sí The Valley. Ó yẹ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi ìyẹn kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

ÌGBÀ TÍ ÈRÒ 75,031 WỌ INÚ KÒTÒ

Lọ́dún 1932, ìdílé Gliksten, tí wọ́n jẹ́ oníṣòwò pákó, gba àkóso ẹgbẹ́ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba kóòṣì kan tó ń jẹ́ Jimmy Seed. Ọwọ́ ọkùnrin yìí tutù. Ní ọdún 1935, Charlton gòkè láti Ìpele Kẹta. Ní 1936, wọ́n gòkè láti Ìpele Kejì. Ní 1937, wọ́n ṣe ipò kejì ní gbogbo ilẹ̀ England, nínú Ìpele Kìíní. Ẹgbẹ́ tí ẹlẹ́ja bọ́ dàgbà ti di ẹgbẹ́ ńlá.

Ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1938, ni Aston Villa wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní The Valley nínú ìdíje FA Cup. Èrò tó wọlé lọ́jọ́ náà jẹ́ 75,031. Ẹ fojú inú wò ó! Òkè ìdúró tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń pè ní East Terrace, ga débi pé kò wọ́pọ̀ kí ẹgbẹ́ kankan ní England ní irú rẹ̀. Orí èèyàn nìkan lojú ń rí níbẹ̀, ó ń mì bí oko àgbàdo nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Ìgbà yẹn ni gólíkípà wọn tó gbajúmọ̀ jù lọ wà lẹ́nu iṣẹ́, Sam Bartram, onírun pupa. Ó lé ní ìgbà 600 tó ṣọ́lé fún Charlton láàárín ọdún 1934 sí 1956. Ìtàn kan wà tí òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1937 ni, nígbà tí wọ́n lọ bá Chelsea gbá bọ́ọ̀lù. Kùrukùru bo pápá débi pé rẹfirí ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Gbogbo wọn lọ tán, àmọ́ Bartram ò gbọ́. Ó dúró sójú ilé rẹ̀, ó ń wo inú kùrukùru, ó rò pé iwájú lọ́hùn-ún ni àwọn èèyàn òun ti ń gba bọ́ọ̀lù sí ilé ọ̀tá. Ọlọ́pàá kan ló wá bá a níbẹ̀, tó sọ fún un pé pápá ti dá páropáro tipẹ́.

Ère idẹ Bartram ló wà níta pápá The Valley báyìí. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú àwọn alátìlẹ́yìn Charlton rí lẹ́yìn náà yóò gbà pé ère náà yẹ ibẹ̀. Ọkùnrin tí kò fi ibi tí wọ́n ní kó ṣọ́ sílẹ̀ ni.

Ní 1947, Charlton gba ife FA Cup ní Wembley, wọ́n fi gọ́ọ̀lù 1 sí 0 na Burnley. Ó wá ku ti ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ọdún 1957, tí àwọn arúgbó ibẹ̀ ò yé sọ. Huddersfield ló wá. Bill Shankly, tó padà di kóòṣì ńlá ní Liverpool, ló ń kọ́ Huddersfield nígbà náà. Eré ò tíì jìnnà tí ọ̀kan nínú àwọn Charlton fi ṣèṣe. Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé èèyàn pààrọ̀ ẹni tó ṣèṣe, bí wọ́n ṣe ku mẹ́wàá nìyẹn. Nígbà tó ku bí ìdajì wákàtí kí eré parí, Huddersfield ti ní gọ́ọ̀lù 5, Charlton ní 1. Àwọn òǹwòran kan ti ń múra ilé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Johnny Summers, tó ti pààrọ̀ bàtà rẹ̀ nígbà ìsinmi ìlàjì, bẹ̀rẹ̀ sí í da gọ́ọ̀lù sílé ọ̀tá. Òun nìkan gbá gọ́ọ̀lù 5 wọlé lọ́jọ́ náà! Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, Charlton ní 7, Huddersfield ní 6. Àwọn tó ti kọrí sílé kó tó di ìgbà náà, àbámọ̀ ni wọ́n fi sùn.

ILẸ̀ DI TI ẸNÌKAN, ẸGBẸ́ DI TI ẸLÒMÍRÀN

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Charlton ti jábọ́ láti Ìpele Kìíní ní 1957 kan náà. Nígbà tó fi di 1972, wọ́n ti bá ara wọn ní Ìpele Kẹta. Èrò ń dínkù, owó ń dínkù, òkè ńlá ìhà ìlà-oòrùn sì ń gbó.

Ní ọdún 1982 ni wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta ẹgbẹ́ fún olówó mìíràn, ṣùgbọ́n wọn ò ta pápá mọ́ ọn. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti háyà ṣọ́ọ̀bù rí, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé yín. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ tìrẹ, àwọn oníbàárà lè jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilẹ̀ ló mọ ọjọ́ tí yóò ní kó o kó ẹrù rẹ.

Ní 1984, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹgbẹ́ náà. Kóòtù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àkókò tí wọ́n fún wọn pé. Àwọn olówó tuntun gbà á, wọ́n sì ń bá a lọ.

Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, ọdún 1985, ni jàǹbá ńlá ṣẹlẹ̀ ní ìlú Bradford. Iná sọ ní ibùjókòó onípákó kan nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, èèyàn 56 ló sì kú. Gbogbo ilẹ̀ England mì. Ìjọba ní kí wọ́n lọ yẹ gbogbo pápá bọ́ọ̀lù wò fínnífínní. Nígbà tí wọ́n dé The Valley, wọ́n ti òkè ìhà ìlà-oòrùn pa, pé ewu wà níbẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé orí òkè yẹn ni èrò pọ̀ sí jù, ìyẹn já wọn lẹ́sẹ̀. Àárín ìgbà kan náà ni ẹni tó ni ilẹ̀ tún fẹ́ gba apá kan padà lẹ́yìn ibùjókòó ìhà ìwọ̀-oòrùn.

Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ò pe alátìlẹ́yìn kankan sí ìpàdé. Ìwé pélébé ni wọ́n pín fún òǹwòran níbi eré ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985: a ń kó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ 21 oṣù náà ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn pẹ̀lú Stoke City, Charlton sì fi 2 sí 0 borí. Ayọ̀ wo ló kù nínú ìyẹn? Ojú ń ṣomi. Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ léjìká wá, tí bàbá tirẹ̀ náà ti gbé e léjìká wá síbẹ̀ rí, kí ni yóò sọ fún ọmọ náà?

AYÁLÉGBÉ NÍ SELHURST PARK

Pápá Crystal Palace, Selhurst Park, ni wọ́n kó lọ. Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Charlton, ìrìn wàhálà ni, bọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì. Lékè gbogbo rẹ̀, Crystal Palace kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí ẹ ń bá ta kàǹgbọ̀n lóko, òun ni ẹ wá sùn sí yàrá rẹ̀. Inú ta ni yóò dùn?

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ní ìgbèkùn yẹn gan-an ni Charlton tún gòkè padà sí Ìpele Kìíní, ní 1986, lábẹ́ kóòṣì Lennie Lawrence. Wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí di 1990. Síbẹ̀, èrò wọn ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn ló fi ẹsẹ̀ kọ Selhurst Park, pé àwọn ò lè sanwó lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé.

Wọ́n ní ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìwé ìròyìn àdúgbò wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì fọwọ́ síwèé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn padà sílé. Ní 1988, àwọn alátìlẹ́yìn tún bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré tiwọn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Voice of the Valley, ohùn àfonífojì. Rick Everitt ni olóòtú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ni ẹgbẹ́ rí ilẹ̀ náà rà padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, wọ́n kéde pé àwọn ń padà sí The Valley. Ẹ gbọ́ ariwo ayọ̀!

Ṣùgbọ́n báwo ni pápá ṣe rí? Igbó! Koríko ti ga, igi ti hù láàárín àwọn àtẹ̀gùn tí èèyàn ń dúró sí. Ni wọ́n bá tún pe ọ̀wẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ṣe ní 1919. Ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1989, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde pẹ̀lú àdá, ráàkì àti ìbọ̀wọ́. Ọkùnrin ń gé, obìnrin ń kó, ọmọdé ń wọ́ ẹ̀ka igi. Wọ́n kó pàǹtírí jọ sójú pápá, wọ́n dáná sun ún. Kò sí ẹni tó gbowó iṣẹ́.

KÁNSÙ NÍ RÁRÁ

Ó wá ku ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, ọdún 1990, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ilé kíkọ́ ní Kánsù Greenwich jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ilé tí ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ ti tóbi jù fún àdúgbò náà, àti pé ilé òwò tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́ ọn ò bá ètò ilẹ̀ mu. Òótọ́ ni pé àwọn òpópó ibẹ̀ há, pé àwọn kan tó ń gbé ibẹ̀ náà ò fẹ́ ariwo èrò. Kánsù ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ti ro igbó, ńṣe ló dà bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ja ìjà ìgboro ni? Wọ́n fọ́ fèrèsé kánsù ni? Rárá o. Wọ́n wo kàlẹ́ńdà, wọ́n rí i pé ìbò kánsù ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún. Ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀!

Valley Party ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: ẹ jẹ́ kí Charlton padà sílé. Wọ́n fa ọgọ́ta èèyàn kalẹ̀ láti dupò kánsẹ́lọ̀ káàkiri Greenwich. Púpọ̀ nínú wọn ò dupò òṣèlú rí láyé wọn. Ibi tí kánsẹ́lọ̀ ibẹ̀ bá ti wà lẹ́yìn wọn, wọn ò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ bá a díje. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìpolówó láàárín wọn ṣe pósítà gàgàrà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lójú títì. Àwọn yòókù ń ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Àwọn olóṣèlú kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ọmọdé ni.

Ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, ọdún 1990, ìbò pé. Èèyàn 14,838 ló dìbò fún Valley Party. Nínú ìbò 100 tí wọ́n bá dì ní Greenwich lọ́jọ́ náà, nǹkan bíi 11 jẹ́ tiwọn. Wọn ò rí ìjókòó kan ṣoṣo nínú kánsù o. Àmọ́ alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tó ní rárá pàdánù ìjókòó tirẹ̀. Ẹ̀rín di èèmọ̀! Kò sí kánsẹ́lọ̀ kankan tó tún fi ọ̀rọ̀ The Valley ṣe àwàdà lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1991, kánsù fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ni ìbò tálákà lè ṣe, ẹ wo ìyẹn.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N WỌLÉ

Ìwé àṣẹ kì í kọ́lé, owó ní í kọ́lé. Owó ò sì sí. Ẹgbẹ́ kúrò ní Selhurst Park ní 1991, wọ́n tún lọ di ayálégbé ní Upton Park, pápá West Ham. Ẹ̀ẹ̀kan síi, àwọn alátìlẹ́yìn tọwọ́ bàpò. Ètò kan wà tí wọ́n ṣe, pé ẹni tó bá dá owó báyìí yóò máa rí tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ iwájú, ó dà bí èsúsú. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni wọ́n rí kó jọ. Ó ṣì kù. Ní oṣù kẹsàn-án 1992, wọ́n ta Robert Lee, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tó dáńtọ́ jù, fún Newcastle ní 700,000 pọ́n-ùn. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ilé ṣáájú.

Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, ọdún 1992, ilẹ̀kùn The Valley ṣí. Portsmouth ni àlejò wọn. Pápá ò tíì parí. Àga tí wọ́n ṣì máa kó kúrò ló wà níbẹ̀. Èèyàn 8,337 péré ni ààyè gbà. Ìṣẹ́jú keje ni Colin Walsh gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Gọ́ọ̀lù 1 sí 0 yẹn náà ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò sunkún, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

BÍ ILÉ ṢE DI ILÉ ŃLÁ

Lẹ́yìn jàǹbá Hillsborough ti oṣù kẹrin ọdún 1989, níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tí ẹ̀mí 97 sì bá a lọ nígbẹ̀yìn, òfin ti yí padà. Adájọ́ Taylor ní kí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá fi àga sí gbogbo ibi tí òǹwòran ń dúró. Nítorí náà, òkè ìdúró tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn rí ò lè padà bọ̀ bó ṣe wà. Charlton kọ́ ibùjókòó tuntun sí ìhà ìlà-oòrùn ní 1994. Wọ́n kọ́ ti ìwọ̀-oòrùn ní 1998. Nígbà tó di 2002, ti àríwá náà ti parí. Ti gúúsù ń jẹ́ orúkọ Jimmy Seed, kóòṣì àtijọ́. Àga tó wà níbẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 27,111.

Ẹ wò ó, wọn ò kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó bá wọlé, wọn a mọ ìhà kan. Bí ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ látinú èrè ọjà ló rí.

Ní 1998 náà, wọ́n lọ bá Sunderland ní Wembley fún ìdíje tí ẹni tó bá borí yóò wọ Premier League. Ó di 4 sí 4. Clive Mendonca gbá mẹ́ta wọlé nínú mẹ́rin Charlton. Wọ́n lọ sí pẹnáritì. Charlton 7, Sunderland 6! Àwọn arúgbó rántí Huddersfield, wọ́n di orí mú.

ÀWỌN ỌMỌ TIWA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí kò gbàgbé orúkọ ilé, Adémọ́lá Lookman, The Valley ló ti fojú hàn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ládùúgbò, Waterloo, ni Charlton ti rí i ní 2014. Ní 2015, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn àgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Everton rà á. Òun náà ló gbá gọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní 2024, tó sì gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún kan náà. Joe Aribo náà, ọmọ Yorùbá tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles, Charlton ló wà láti 2015 títí di 2019 kó tó lọ sí Rangers ní Scotland.

Ká ní igbó ló ṣì bo ibẹ̀, níbo ni irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ìbá ti fojú hàn ládùúgbò yẹn?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í tán. Ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n tún ta ẹgbẹ́ Charlton, ẹni tó tà á tún fi pápá sílẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní 1982. Àwọn tó mọ ìtàn mi orí. Àwọn àgbà ní ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ọ̀rọ̀ wá ku síbì kan. Àwọn tó kọ́kọ́ tún kòtò náà ṣe ní 1919 ò ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ro igbó ní 1989 ò ní in. Àwọn 14,838 tó dìbò ní 1990 náà ò ní in. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe tiwọn, ilé ìgbé tàbí ṣọ́ọ̀bù ni ìbá wà níbẹ̀ báyìí, orúkọ The Valley ìbá sì ti di ohun tí arúgbó ń sọ fún ọmọdé. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọn ò ja ìjà àjàkú, wọ́n mọ ibi tí agbára wọn wà, wọ́n sì lò ó. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.